Ọkọ̀ Òkun Tó Kọjá Tàkóràdí Láì Dúró

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ dáadáa nípa ọkọ̀ òkun tó gbé wa láti Àpápá lọ́dún náà, ọ̀dọ̀ ọkọ mi ni kó lọ. Tèmi kò lè dùn létí. Mo wọ ọkọ̀ náà, mo jẹun nínú rẹ̀, mo sùn lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tó rọ̀ bí òwú, síbẹ̀ títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀, inú a máa bí mi.

Ẹ̀gbẹ́dá là ń gbé nígbà náà. Ilé wa ṣì jẹ́ tuntun, igbó ṣì wà lẹ́yìnkùlé, ọ̀nà tó lọ sí Ìkòtún sì jẹ́ erùpẹ̀ pupa tí òjò máa ń sọ di ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n owó epo ti dé sí ìlú. Ọkọ mi ní tipa, ó ń kó yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ fún àwọn agbaṣẹ́ṣe ìjọba, iṣẹ́ sì ń wọlé débi pé kò ráyè sùn. Èmi jẹ́ tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkòtún. Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa.

Gánà ni ìyá mi ti lo ọ̀pọ̀ nínú ọjọ́ ayé rẹ̀. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun àti bàbá mi ti gbéra nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ọ̀dọ́, wọ́n tẹ̀dó sí Tàkóràdí, wọ́n ń ta aṣọ. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kékeré ni wọ́n ti rán mi wálé wá kàwé. Ibẹ̀ náà ni bàbá mi kú sí, wọ́n sì sin ín sí itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí lẹ́yìn àdúgbò tí àwa àlejò ń gbé. Kò tíì pé ọdún kan tó kú nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ní kí gbogbo àjèjì máa lọ sílé. Ìyá mi kó ohun tó lè kó sínú lọ́rì, ó fi ìyókù sílẹ̀. Ohun tó máa ń dùn ún jù kì í ṣe ọjà. Ó máa ń sọ pé nínú rúkèrúdò ọjọ́ náà, òun kò ráyè dé ibojì ọkọ òun kí òun sọ fún un pé òun ń lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ mi mú ìwé aláwòrán kan dé láti Èkó. Ọkọ̀ òkun ni wọ́n ya síbẹ̀, funfun nini. Ìwé náà sọ pé ọkọ̀ kékeré ni, pé kì í kó èrò púpọ̀, pé àwọn ẹni iyì nìkan ló wà fún, oúnjẹ ọba ni wọ́n sì ń gbé fún èrò. Ọkọ mi ń kà á sókè ní pálọ̀: láti Èkó sí Tàkóràdí, láti Tàkóràdí sí Àbíjàn, láti ibẹ̀ sí Dàkáà, kí ó tó padà. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lórí àpótí ìjókòó kékeré rẹ̀. Ó gbójú sókè.

Ó bi í léèrè pé, “Ṣé ọkọ̀ yẹn máa dúró ní Tàkóràdí?”

Ọkọ mi ní, “Odindi ọjọ́ kan, Màmá.”

Ìyá mi gbé ẹ̀wà sílẹ̀. “Àna mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi dání.”

Kò jẹ́ kó bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní láti sọ èyí, nítorí òótọ́ ni: ọkọ mi sanwó fún ìyá mi bó ti san fún èmi àti ara rẹ̀, ó sì gba yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa fún un. A ṣe páásípọ́ọ̀tù, a sì gba òǹtẹ̀ ìjọba Gánà sínú rẹ̀. Ìyá mi ra dàbínù àti ṣúgà onígun tí yóò fi ṣe sàráà níbi ibojì, ó dì wọ́n sínú aṣọ funfun.

Ní ọjọ́ tí a gbéra, ọkọ̀ tó kó sìmẹ́ńtì wá kún ojú òkun lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, wọ́n ń retí àyè tí wọn yóò ti já ẹrù. Tiwa rá pálá gba àárín wọn kọjá. Gbogbo èrò dúró sí òkè ọkọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń mu ọtí tí wọ́n gbé fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ epo wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìyàwó wọn. Àwọn ènìyàn wa náà wà níbẹ̀, tí owó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí lọ́wọ́ bíi tiwa. Ọkùnrin kan wà láàárín wọn tó jẹ́ ọ̀gá ńlá ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń pín iṣẹ́ títì. Ìdí tábìlì kan náà ni wọ́n fi àwa àti òun sí. Láti ọjọ́ kìíní ni ọkọ mi ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń bá a rẹ́rìn-ín, ìgbà mìíràn kí ọkùnrin náà tó sọ ohun tó pani lẹ́rìn-ín.

Ní alẹ́ àkọ́kọ́, wọ́n gbé ìrẹsì tí wọ́n fi ẹran kéékèèké sè síwájú wa. Mo bi olórí àwọn agbáwo pé ẹran kí ni. Ó ní ẹlẹ́dẹ̀ ni. Mo sọ fún un pé Mùsùlùmí ni ìyá mi. Ó ní kò burú. Ó gbé abọ́ ìyá mi sẹ́yìn díẹ̀, ó fi fọ́ọ̀kì ṣa ẹran inú rẹ̀ jáde lójú wa, ó sì gbé abọ́ náà padà síwájú rẹ̀. Ó ṣe é pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ funfun lọ́wọ́ àti ẹ̀rín lẹ́nu. Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì fọwọ́ kan oúnjẹ náà. Láti alẹ́ náà, búrẹ́dì àti ẹyin bíbọ̀ ló ń jẹ nínú ọkọ̀ tí wọ́n ní oúnjẹ ọba wà.

Ọ̀rọ̀ ìrun kíkí tún tẹ̀ lé e. Ìyá mi tẹ́ ẹní ìkírun rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ kan ní òkè ọkọ̀ níbi tó ti lè rí oòrùn. Òṣìṣẹ́ kan wá bẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ ṣe é nínú yàrá rẹ̀, nítorí ọ̀nà tí èrò ń gbà lọ lúwẹ̀ẹ́ nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń kọjá. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù kì í ṣe ti òṣìṣẹ́ yẹn. Obìnrin Yorùbá kan, tó wọ léèsì, ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kí n jọ̀wọ́ bá Màmá sọ̀rọ̀, pé àwọn òyìnbó ti ń wò wá. Mo sọ fún un pé kí wọ́n máa wò wá, jàre. Kò kí mi mọ́ títí a fi kúrò nínú ọkọ̀.

Bí mo bá fẹjọ́ sun ọkọ mi, á ní kí n fara balẹ̀, kí n má bà á jẹ́ mọ́ gbogbo èèyàn lọ́wọ́. Gbogbo èèyàn ń gbádùn lóòótọ́. Níbi gbogbo tí mo bá yà sí, ìyìn ọkọ̀ ni mò ń gbọ́: pé omi gbígbóná kì í tán, pé wọ́n mọ orúkọ ẹni, pé bí ilé ẹni ló rí. Ìyá mi ní tirẹ̀ kò yin wọ́n, kò bú wọn. Ó ń retí Tàkóràdí.

Alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tó yẹ ká débẹ̀, kápúténì dìde níbi oúnjẹ pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Ó ní ọkọ̀ ti pọ̀ jù ní èbúté Tàkóràdí, pé bí a bá fẹ́ wọlé, a ó ní láti dúró síta, a ó sì pàdánù ọjọ́ kan nínú èyí tí a ó lò ní Àbíjàn. Ó ní òun kò fẹ́ dá a ṣe, nítorí ẹbí kan ni gbogbo wa. Kí àwọn tó bá fẹ́ kí a kọjá tààrà sí Àbíjàn nawọ́ sókè.

Ọwọ́ gòkè bí ọwọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ẹnì kan tilẹ̀ bèèrè pé kí ló tiẹ̀ wà ní Tàkóràdí ná, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò gbọ́ òyìnbó, ó ń fọwọ́ tọ́ mi pé kí ni wọ́n wí. Kí n tó lè sọ fún un, mo wo ọkọ mi. Ọ̀gá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti nawọ́ tirẹ̀. Ọkọ mi rọra gbé ọwọ́ dé etí bí ẹni tó fẹ́ họ orí, lẹ́yìn náà ó nà án tán.

Nígbà tí kápúténì bèèrè àwọn tó kọ̀, èmi nawọ́, mo ní kí ìyá mi náà nawọ́. Òyìnbó arúgbó kan tó ti ṣiṣẹ́ réluwé níbẹ̀ rí nawọ́ pẹ̀lú wa. Àwa nìkan ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì ṣí ọtí fún gbogbo èrò.

Nínú yàrá wa, ọkọ mi ní ọwọ́ òun kan ṣoṣo kò lè yí nǹkan kan padà. Òótọ́ ni, kò lè yí i padà.

Mo ní, “Ìyá mi ń wò yín nígbà tí ẹ nà án.”

Ó pa iná yàrá.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá mi ní kí n bá òun bèèrè apá ibi tí Tàkóràdí wà. Òṣìṣẹ́ kan nawọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ilẹ̀ náà rí bí ìlà tí wọ́n fi èédú fà sí ẹsẹ̀ sánmà. Ìyá mi di irin etí ọkọ̀ mú, ó ń wò ó. Àwọn kan ń jó ní ẹ̀yìn wa. Ó wò ó títí ìlà náà fi parẹ́, ó sì bi mí pé ìlú wo ló kàn. Mo ní Àbíjàn.

Ó ní, “Ọkọ̀ ilẹ̀ ń ti Àbíjàn lọ sí Tàkóràdí. Mo ti gba ọ̀nà yẹn ta aṣọ rí. Màá sọ̀ níbẹ̀. Ìwọ bá ọkọ rẹ lọ.”

Mo sọ fún un pé ibi tó bá ń lọ ni mò ń lọ.

Bí a ṣe dé Àbíjàn, mo lọ gba páásípọ́ọ̀tù wa lọ́wọ́ akọ̀wé ọkọ̀. Wọ́n ti gbà á pamọ́ láti Àpápá. Ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó ni akọ̀wé náà. Ó ní ẹni bá sọ̀ lójú ọ̀nà ti sọ owó rẹ̀ nù. Mo ní mo gbọ́. Ó ní ṣé ọkọ mi fọwọ́ sí i. Mo ní orúkọ mi ló wà nínú ìwé náà, kì í ṣe ti ọkọ mi. Ó bá lọ pe kápúténì. Kápúténì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ó ní arúgbó ni ìyá mi, pé inú ìdẹ̀ra ni mo fẹ́ ti mú un lọ sínú ìyà, pé kò sí èrò mìíràn tó ráhùn.

Mo dá a lóhùn ní èdè rẹ̀ pé, “Ìyá mi kò bá yín wá jẹ edé. Ibojì ọkọ rẹ̀ ló ń lọ, ẹ sì gbé e kọjá.”

Ọkọ mi ti dé ẹ̀yìn mi láìmọ̀. Èrò mi ni pé yóò tì wọ́n lẹ́yìn. Ó wo kápúténì, ó wo ilẹ̀, ó wá ní kí wọ́n kó ìwé náà fún wa. Ó yọ gbogbo owó Faransé tó ti ṣẹ́ jáde nínú àpò rẹ̀, ó kó o fún mi. Ó gbé ẹrù ìyá mi sọ̀kalẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ àkàsọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún un lórí kọnkéré èbúté. Lẹ́yìn náà ló padà sínú ọkọ̀. Mo dúró wò ó bóyá yóò bojú wẹ̀yìn. Ọ̀gá yẹn ń dúró dè é lókè.

Ìrìn àjò náà le. Lọ́rì tí a wọ̀ kún fún àpò iyọ̀, bẹ́ǹṣì rẹ̀ kò ní ìfẹ̀yìntì. Ìyá mi ń bá awakọ̀ sọ Hausa, ó ń bi í léèrè àwọn tó mọ̀, ẹni yìí ti kú, ẹni yẹn ti lọ. Ní ibodè, ọlọ́pàá Gánà yẹ òǹtẹ̀ wa wò títí, ó bi wá ibi tí ọkọ̀ òkun tí a ní a bá wá wà. Ìyá mi fi èdè Fántì dá a lóhùn, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ká máa lọ. N kò mọ ohun tó sọ fún un. Mo ti gbàgbé èdè náà.

Itẹ́ ìsìnkú náà ti fẹ̀ ju bí ìyá mi ti fi í sílẹ̀ lọ. Igi dóńgóyárò tí ìyá mi fi sàmì ti wó, pátákó ibojì kò sí mọ́. Mọ́là tó ń tọ́jú ibẹ̀ mú wa dé igun tí wọ́n sin àwọn tó kú lọ́dún náà sí. Ìyá mi rìn lọ, ó rìn bọ̀, ó wá dúró sí àárín ibojì méjì. Kò lè sọ èwo ni. Mo rò pé yóò bú sẹ́kún. Ó tẹ́ aṣọ funfun náà sílẹ̀ láàárín méjèèjì, ó sì jókòó.

Ó ní, “Màá ṣe é fún àwọn méjèèjì. Àdúrà kì í ṣòfò.”

Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, n kò sì súnmọ́ ọn. Lẹ́yìn náà a pín dàbínù àti ṣúgà fún mọ́là àti àwọn ọmọ kéú tó wá ń wò wá.

A gba Àkírà, Lómè àti Kùtọnu padà sílé, a gba Ìdí-Ìrókò wọlé. A ti wà ní Ẹ̀gbẹ́dá kí ọkọ mi tó dé láti orí òkun. Ó sanra, ara rẹ̀ ń dán. Ó bi ìyá mi bóyá ó débẹ̀, ìyá mi ní òun débẹ̀, ó sì ṣàdúrà fún un. Kò bi èmi ní nǹkan kan. Iṣẹ́ títì tó tìtorí rẹ̀ nawọ́ kò bọ́ sí i lọ́wọ́, nítorí kò pẹ́ tí ìjọba fi yí padà, tí wọ́n sì lé ọ̀gá náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Bí àlejò bá wá sí ilé wa lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà kì í ṣàì jẹyọ. Ọkọ mi á yìn ín, èmi á bú u, àlejò á máa wo ojú àwa méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń gbé ní Ìṣẹ̀rí gbọ́ tirẹ̀, kò gbọ́ tèmi. Òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ ní ọdún kejì. Wọ́n padà dé tayọ̀tayọ̀, wọ́n bá kápúténì ya fọ́tò, ọkọ̀ sì dúró fún wọn ní Tàkóràdí. Ìyàwó náà bi mí pé kí ni mo tiẹ̀ rí tí mo fi ń bà wọ́n jẹ́ kiri. Mo sọ fún un pé inú mi dùn pé wọ́n gbádùn ara wọn. Irọ́ ni, inú mi kò dùn. Ó tún bi ìyá mi bí ọkọ̀ náà ti rí. Ìyá mi ní bẹ́ẹ̀dì wọn rọ̀. Inú bí mi sí i nígbà náà, àṣé kò fẹ́ tàbùkù àna rẹ̀ ni.

Ilé wa ní Ẹ̀gbẹ́dá náà ni ìyá mi kú sí lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Níbi fìdáù rẹ̀, ọkọ mi ń sọ fún àwọn àáfà bí òun ṣe fi ọkọ̀ òkun gbé e lọ wo ibojì ọkọ rẹ̀ ní Gánà. Gbogbo wọn ń kí i, wọ́n ní irú àna rere bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Mo ń gbé oúnjẹ wọlé lọ́wọ́. Mo gbé tíréè sílẹ̀.

Mo ní, “Lọ́rì ló gbé e débẹ̀. Ọkọ̀ òkun kò dúró fún un.”

Ọ̀kan nínú àwọn àáfà dáwọ́ lé àdúrà, àwọn yòókù sì gbè é. Ọkọ mi sin àlejò títí wọ́n fi tán nílé. Ó wá bá mi ní ìdí àwo tí mò ń fọ̀. Ó ní òótọ́ ni mo sọ, pé kò dúró. Ó ní ṣùgbọ́n òun ló sanwó rẹ̀.

Òótọ́ nìyẹn náà. Mo ń fọ àwo mi lọ.