Àgbo Màmá Mi àti Iná Búlúù

Ọ̀fìnkìn ni mo ń ṣèwádìí lé lórí, ọ̀fìnkìn náà ló sì máa ń mú mi jù lọ ní gbogbo ilé wa. Àwọn aládùúgbò ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ó ti sú wọn. Láàbù wa wà ní Àpápá, lójú ọ̀nà tí àwọn tírélà ń gbà lọ sí pọ́ọ̀tù Tin Can. Oúnjẹ tó bá ti òkè òkun dé là ń yẹ̀ wò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wa, bàbá kan tó ti ń hewú, tí ẹ̀rín rẹ̀ sì wọ́n bí ojú, fẹ́ràn ìwádìí, ó sì máa ń fi ọjọ́ Jímọ̀ sílẹ̀ fún wa pé kí kálukú ṣe èyí tó wù ú. Èmi mú ẹ́ńsáìmù ọ̀fìnkìn.

Ẹ má sá o. Kì í ṣe kòkòrò ọ̀fìnkìn fúnra rẹ̀. Ẹ̀yà kan péré lára kòkòrò náà ni, tí wọ́n ṣe lọ́tọ̀ sínú ìgò kékeré, kò lè kó èèyàn lárùn. Niuraminidéèsì ni wọ́n ń pè é, orúkọ tí màmá mi kọ̀ jálẹ̀ láti pè. Tí kòkòrò ọ̀fìnkìn bá ti pọ̀ sí i nínú ara wa tán, ẹnu ọ̀nà ló máa ń há sí. Ẹ́ńsáìmù yìí ló ń gé ohun tó so ó mọ́ ibẹ̀, kó lè bọ́ síta lọ máa da ibòmíì láàmú. Ẹni tó bá ti gbé tírélà dé pọ́ọ̀tù rí á tètè mọ ohun tí mò ń sọ: tí ẹni tó ń ṣí géètì ò bá dá ẹ lóhùn, ibẹ̀ lo máa sùn. Nínú láàbù, a máa ń po ẹ́ńsáìmù náà mọ́ omi kan tó máa ń tan iná búlúù lábẹ́ ẹ̀rọ bí iṣẹ́ bá ń lọ. Tí a bá fi nǹkan sí i, tí iná ò tàn mọ́, a jẹ́ pé nǹkan yẹn dí i lọ́wọ́.

Màmá mi ń ta àgbo níwájú ilé wa ní Ajégúnlẹ̀. Nígbà tí mo wá fẹ́ dán ewé wò, àgbo ta ni kí n lọ mú? Ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Wọ́n kọ́kọ́ bi mí bóyá àwọn gan-an ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín ni, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára. Ìyàwó pásítọ̀ wa ti sọ ọ́ láàárín àwọn obìnrin ìjọ pé omi ìdọ̀tí lásán ni gbogbo alágbo ń tà, ó sì ti ń dun màmá mi láti ìgbà náà. Wọ́n fẹ́ kí ẹnì kan tó kàwé sọ pé àgbo wọn ń ṣiṣẹ́.

Wọ́n fún mi ní ìgò kan, wọ́n fi ọ̀rá wé e. Lọ́sẹ̀ yẹn, imú mi dí, mi ò lè gbóòórùn ẹja gbígbẹ tí wọ́n gbé sábẹ́ imú mi. Mo kán àgbo náà sí ẹ́ńsáìmù. Kò sí iná. Mo tún un ṣe. Òkùnkùn biribiri. Inú mi dùn débi pé mo pe màmá mi lójú ẹsẹ̀, n kò tíì yẹ ohun kankan wò dáadáa. Nígbà tí mo fi máa dé Ajégúnlẹ̀ nírọ̀lẹ́, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Oníkẹ̀kẹ́ tó gbé mi ní, “Doctor, Mama don kill flu.” Màmá mi ti wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n jókòó bí ìyá ọba.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá wa ṣí ìgò náà, ó gbé e símú, ó wò mí. Ó béèrè bóyá imú mi ṣì wà lójú mi. Ó ní kí n lọ ra ògógóró wá, òun nìkan, láìsí ewé. Èmi akọrin ìjọ, mo dúró níwájú ìsọ̀ ọlọ́tí ní òwúrọ̀ kùtù, ẹni tí a jọ ń kọ ohùn kejì ló sì gba iwájú mi kọjá. Ó kí mi, ó rọra kí mi ni. Mo kán ọtí náà sí ẹ́ńsáìmù. Òkùnkùn biribiri, bíi ti tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ewé, ọtí ló pa á.

Mo fi ìbínú délé. Màmá mi ò tiẹ̀ janpata. Wọ́n ní omi làwọn fi ń se tàwọn oníbàárà, àmọ́ èyí ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé, ṣé omi lásán làwọn fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi ni? Àgbo àlejò, ọtí ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́. Ẹ̀rín gba ìbínú mọ́ mi lọ́wọ́. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ìgbà tó yá ni wọ́n nu ojú wọn, wọ́n bi mí pé:

“Èyí tí mo fi omi se ńkọ́?”

Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n dìde, wọ́n gbé ìkòkò kaná: ẹ̀fìnrìn, dóńgóyárò, ẹ̀ẹ̀rù, osàn wẹ́wẹ́, omi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, iná búlúù náà tàn. Ó tàn rekete, bíi pé ẹnikẹ́ni ò da nǹkan kan sí i. Ó dùn mí wọra. Mo délé, mo sọ fún wọn pé kò dí i lọ́wọ́. Wọ́n bi mí bóyá kò dí i rárá. Mo ní rárá. Mo fẹ́ máa ṣe gírámà pé inú ìgò yàtọ̀ sí ara èèyàn, wọ́n na ọwọ́ sí mi pé ó tó. Wọ́n lọ máa ṣa ẹ̀wà.

Lọ́jọ́ kejì, èrò pé bo ìdí àgbo wọn nítorí òkìkí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Ìsẹ́yìn wà níwájú, ó pọn ọmọ. Ó ní àgbo tí wọ́n fi ẹ̀rọ dán wò yẹn lòun ń fẹ́. Màmá mi ti bù ú sínú ife. Wọ́n wá fọwọ́ kan ọrùn ọmọ náà. Ó gbóná janjan, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Gbogbo ojú wà lára wọn, ìyàwó pásítọ̀ náà ń bọ̀ lókèèrè.

Wọ́n da àgbo náà padà sínú ìkòkò. Wọ́n sọ̀rọ̀ sókè, gbogbo èèyàn gbọ́.

“Ọmọ mi ti dán an wò. Kò ṣiṣẹ́ fún irú èyí. Èmi ni mo yára sọ̀rọ̀. Dìde, ká gbé e lọ sí ọsibítù.”

Obìnrin náà ṣì ń ṣiyèméjì. Màmá mi tún gèlè wọn wé, wọ́n gbá a lọ́wọ́ mú, wọ́n ní kí n jókòó ti ọjà. Ara ọmọ náà yá o, òun ló ń sáré kiri ojúde wa lónìí. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà, mi ò tíì mọ̀. Mo jókòó sórí àpótí màmá mi, ojú mi kún fún omijé, inú mi sì ń dùn pé àwọn ló bí mi. Ẹni àkọ́kọ́ tó béèrè àgbo ọ̀fìnkìn lọ́wọ́ mi, ohun tí màmá mi sọ gan-an ni mo sọ fún un.