Epo Ọjọ́ Ìkẹyìn

Èmi ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ oríṣiríṣi ọ̀gá láyé mi. Bí ọdún bá ń parí lọ, kàlẹ́ńdà ni wọ́n ń há fún wa, àwòrán ọ̀gá gàdàgbà lórí rẹ̀. Ṣé n ó fi àwòrán ọ̀gá se ọbẹ̀ ni?

Ní Igbotako, níbi tí ìyá mi ti ń tẹ ẹyìn ní ẹbu epo, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹyìn tí wọ́n bá tẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ tó kẹ́yìn ọdún, àwọn òṣìṣẹ́ ló ni epo rẹ̀. Alàájì tó ni ẹbu kì í yọjú lọ́jọ́ náà. Yóò ní ara ń ro òun, yóò jókòó sílé, kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni láti gbé garawa tirẹ̀ lọ. Mo fẹ́ràn bàbá yẹn.

Ọdún tí ogun Bìáfúrà parí ni Alàájì kú, ọmọ rẹ̀ sì ti Èkó wá jogún ẹbu. Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìkẹyìn fún un. Wọ́n rò pé bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́. Ta ni yóò tiẹ̀ lanu sọ fún ọ̀gá tuntun pé kó má wá síbi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́la?

Ìyá mi ti gbọ́kàn lé epo ọdún náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán parí, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ kò ní tú u sílẹ̀ láìsí àsè ìgbòmìnira. Epo yẹn la fẹ́ tà fún àsè.

Bí ìyá mi ṣe gbé garawa rẹ̀ dójú ọ̀nà ló pàdé ọmọ Alàájì.

"Olè!" Gbogbo àdúgbò ló gbọ́.

Ìyá mi sọ garawa kalẹ̀. "Ọghọ́ mi mọ́," ló sọ, pé ọwọ́ òun mọ́, ó sì rìn wálé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti là á yé ọmọkùnrin náà. Ó gbé epo náà wá fúnra rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ilé wa. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú, n kò mọ̀ ni." Ìyá mi dárí jì í, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan epo. Ó ní bí òun bá gbé e lọ sọ́jà, wọn á ní ohun tí òun jí lòun ń tà.

Epo wà ní igun ilé títí ó fi bàjẹ́. Inú bí mi sí ìyá mi nígbà náà, ó ṣì ń bí mi díẹ̀ títí dòní. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ló jìyà orúkọ yẹn.

Ọ̀gá rẹ̀ kò tú u sílẹ̀. Nígbà tó sú u, ó lọ gba iṣẹ́ ẹyìn títẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ Alàájì. Ọdún tún yí po. Ní ọjọ́ ìkẹyìn, ọmọ Alàájì jókòó sílé bíi ti bàbá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì ru garawa kan wálé ní ọ̀sán gangan.

Inú ìyá mi dùn. Ó ní kí a tètè tà á, kí a fi ṣe àsè ìgbòmìnira.

Ẹ̀gbọ́n mi ń fi ìhá nu epo kúrò lẹ́sẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Yéye," ó ní, "mo ti ta sísọ́ọ̀sì ìránṣọ mi."