Ìjàpá Láàárín Àwọn Ọkọ̀ Tuntun

“Tú u lójú mi,” ni ìyá ìyá mi wí. Láti àárọ̀ ló ti dúró sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, gèlè lórí, ọwọ́ méjèèjì lẹ́yìn, bó ṣe máa ń dúró ti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jí ìwé wò kó tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Mẹkáníìkì tẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì sílẹ̀, ó ń to irin sórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo àgbàlá rẹ̀ ní Òkè-Ìlá ń rùn fún bẹntiróòlù àti ọ́ìlì tó ti jóná. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Mo jókòó sórí táyà, mò ń jẹ gúgúrú.

Ọkọ̀ ìjàpá ni, aláwọ̀ ewé, irú èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí búùtù wà níwájú. Ìyá àgbà ti rà á kí wọ́n tó bí mi. Mẹkáníìkì ti kọ́kọ́ sọ fún un pé, “Màmá, ẹ́ńjìnnì yìí ti kú. Ẹ jẹ́ ká wá òmíràn.”

“Ukú wo? Ṣé o ti yẹ unú rẹ̀ wò ni?” ni ìyá àgbà fi èdè ìlú wa bi í.

Nígbà tó tú u tán, ó rí i pé ríìngì inú ẹ́ńjìnnì nìkan ló ti gbó. Ìyá àgbà wò ó látòkè délẹ̀. “Ṣé o rí i? Uṣẹ́ lò ń sá fún.”

Ohun tó mú un gbóná bẹ́ẹ̀ ni pé àkọ́bí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, ti tẹ̀ ẹ́ láago. Ó ti ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan fún un. Ọjọ́ Ìsinmi lòun á gbé e wá, wọn á gbàdúrà sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, awakọ̀ á sì máa gbé Màmá kiri. Tó bá di ọjọ́ Ajé, àwọn tó ń ra àlòkù irin á wá gbé ìjàpá lọ. Ó ti bá wọn sọ ọ́ parí. Kò bi ìyá rẹ̀.

“Tí mo bá fẹ́ lọ kí àbúrò mi ní Ìgèdè, màá kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ awakọ̀!” Ó ń sọ ọ́ fún mẹkáníìkì, fún èmi, fún ewúrẹ́ tó ń kọjá. “Ẹni tó ta tòkunbọ̀ mọ àrùn tó ń ṣe é, kò jẹ́ sọ. Tèmi yìí, mo mọ ibi tó ti ń dùn ún.”

Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín. “Màmá, ti ẹni ní í jọ ni lójú.”

“Ṣé ti ẹlòmíràn ló yẹ kó jọ mí lójú ni?”

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ẹ́ńjìnnì náà dáhùn. Èéfín bò wá, mo sì ń fò sókè.

Ní ìjọ wa, ọjọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn oṣù ni wọ́n máa ń gbàdúrà sí ọkọ̀ tuntun. Àwọn tó ra ọkọ̀ á tò wọ́n síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á so rìbọ́nù mọ́ wọn, alùfáà á sì fi òróró sàmì sí wọn. Mẹ́ta ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tòkunbọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló ń dán jù. Ó dúró tì í nínú agbádá, ó ń retí ìyá rẹ̀, ìró wa ló sì kọ́kọ́ gbọ́. Ìyá àgbà wa ìjàpá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pọ́pọ́pọ́, ó gbé e sí ìparí ìlà. Ojú tì mí, mo rọra ń yọ́ wọlẹ̀ nínú ìjókòó.

“Jókòó dáadáa,” ló sọ fún mi.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi sáré wá. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì mí.”

Alùfáà náà dé, ó rọra sọ̀rọ̀. “Màmá, àwọn tó ra ọkọ̀ la pè.”

“Mo gbọ́ ìkéde.” Ohùn kíláàsì ló fi sọ ọ́, gbogbo èèyàn gbọ́. “Ẹni tó ra ọkọ̀ ń dúpẹ́. Ẹni tó tún tirẹ̀ ṣe, tí wọ́n ti ní ó kú, tí kò kú, ṣé òun ò ní ọpẹ́ ni?”

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Alùfáà wo ọmọ, ó wo ìyá, ó ti ìka bọ òróró. Àdúrà tó gbà sí ìjàpá gùn ju ti àwọn yòókù lọ.

Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà kọjú sí ọmọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti rọlẹ̀. “Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn mi. Ṣùgbọ́n o ò bi mí. Ujọ́ tí mo bá fẹ́ fi ọkọ̀ mi sílẹ̀, èmi ni màá pè ọ́.”

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé tòkunbọ̀ rẹ̀ padà sí Àbújá. Àwọn oní-irin dé lọ́jọ́ Ajé, ìyá àgbà fún wọn lómi mu, ó ní kí wọ́n máa lọ.

Ọdún mẹ́fà ló tún fi wà á. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó ti Ìgèdè dé, ó gbé ọkọ̀ sábẹ́ òrùlé, ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù pé ojú òun ò ríran tó mọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wá. Ó dúró ti ìjàpá, ó ní, “Màmá, kí lẹ fẹ́ ká fi ṣe?”

Alágídí ni wọ́n ń pe ìyá àgbà títí ó fi kú. Mo gbà, ó ya alágídí. Ṣùgbọ́n ìyá tèmi náà ti ń dàgbà báyìí, ó ṣì ń wa ọkọ̀, lóṣù tó kọjá ló fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà họ ògiri. Mo ti mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú àpò mi kí n tó rántí pé mi ò tíì bi í. Mo bi í. Ó ní rárá, òun ò tíì ṣe tán. Inú bí mi gan-an, mo sì dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà.