Irin Tó Wà Lójú Màmá

Pà! Ìró yẹn dún níwájú ilé bí ìgbà tí èèyàn ń fọ́ ẹ̀kùrọ́. Abọ́ tí mò ń fọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo sáré débẹ̀, ère Màmá ti sán láti iwájú orí dé àgbọ̀n.

Ìyá tó bí ìyá mi ni Màmá. Ọdún tó ṣáájú ni wọ́n kú. Igi ọ̀mọ̀ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn gbìn sẹ́yìnkùlé wa l'Ọ̀tà ni Bàbá, ọkọ wọn, fi ń gbẹ́ ojú wọn. Àwọn tó ń la gọ́tà ti gé igi náà lulẹ̀, ìtì kan ṣoṣo la rí gbà. Bí èyí bá bàjẹ́, ó parí nìyẹn.

Igi tútù ni, Bàbá kì í sì í jẹ́ kí oòrùn rí igi tútù. Àpò tí wọ́n rẹ sómi ni wọ́n ń fi wé e nínú ṣọ́ọ̀bù wọn tó ń rùn fún òrí, kó lè máa gbẹ díẹ̀díẹ̀, kó má bàa sán. Irin ńkọ́? Wọn ò fẹ́ rí i. Ọkọ̀ tó ń kó irin kóńdẹ́mù láti àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní Ṣàngó kì í dá lójú ọ̀nà wa, àwọn ọ̀dọ́ sì ti ń jó irin pọ̀ di ère. Bàbá á pòṣé.

"Irin ló ń gbẹ́ igi. Kò gbọdọ̀ bá a gbélé."

Bàbá wá fẹ́ lọ sìnkú ní Adó-Odò, wọ́n ní: "Máa wọ́n omi sí àpò yẹn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Má tú u o!"

Lọ́jọ́ kejì, mo tú u. Ẹ̀bu funfun ti hù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá. Àánú wọn ṣe mí. Màmá tí kì í gbà kí ìdọ̀tí wà lójú wa! Mo nù wọ́n, mo gbé wọn sóòrùn níwájú ilé nínú ọyẹ́. Mo rò pé mo ṣe dáadáa ni.

Nígbà tí Bàbá dé tí wọ́n rí ibi tó sán, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n jókòó sí.

"Ta ló gbé e sóòrùn?"

Àwa méjì péré là ń gbé ilé yẹn o, èmi náà ní mi ò mọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n mú mi lọ síbi tí wọ́n ń ta irin ní Ṣàngó, lẹ́yìn ibùdókọ̀ Toogéètì. Bàbá tó máa ń pòṣé sí irin ló bẹ̀rẹ̀ tó ń tú irin kóńdẹ́mù. Irin pẹlẹbẹ tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń di ẹrù ni wọ́n mú.

Ẹni tó ń tà á rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ̀yin náà ti di onírin?"

"Igbá tó fọ́ ló ń gba kàsẹ́," Bàbá dáhùn.

Nílé, wọ́n gé irin náà wẹ́wẹ́, wọ́n ń kàn án mọ́ ibi tó sán bí ìgbà tí wọ́n ń rán igbá. Èmi ni mò ń dì í mú. Nígbà tí wọ́n kan irin kẹta, ẹkún gbé mi.

"Bàbá, èmi ni. Ẹ̀bu ló wà lójú wọn."

"Mo mọ̀. Di irin mú dáadáa."

Nígbà tí iṣẹ́ parí, mo ní ká kun ún kí irin má hàn. Wọ́n ní ká má kun nǹkan kan.

Pálọ̀ mi ni Màmá wà báyìí. Mo máa ń fi òrí pa igi, mo sì máa ń fi sáńpépà ha ìpẹtà ara irin. Ibi tó sán ò fẹ̀ sí i láti ọjọ́ náà. Àlejò á wò ó títí, á ní ta ló ṣe Màmá báyìí. Kó tó bi mí tán, mo ti ní èmi ni.