Ẹ̀rọ PCR Tí N Kò Fọwọ́ Kàn Rí

Mo rántí ìgbà tí gbogbo ìwé mi ń rùn bíi tòmátì. Ọjà Mile 12 ní Èkó ni màmá mi ti ń tà á, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tò sórí àwo, apẹ̀rẹ̀ ńláńlá tí ọkọ̀ ń kó wá láti òkè Ọya ni wọ́n ń tà fún àwọn alátùntà. Ilé wa ní Ìkòsì kò jìnnà sí ọjà, ẹsẹ̀ ni màmá mi fi ń lọ tí wọ́n fi ń bọ̀. Bí wọ́n bá ti wọlé, òórùn ọjà á bá wọn wọlé, á sì bọ́ sínú àpò ìwé mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní yunifásítì a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní kí n dákun kí n lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ọdún kẹta ni mo wà, ẹ̀kọ́ nípa àwọn kòkòrò àìfojúrí ni mo ń kọ́, ó sì dá mi lójú nígbà náà pé èmi ni ọ̀jọ̀gbọ́n tí gbogbo ayé ń dúró dè, ayé ni kò kàn tíì mọ̀.

Tòmátì yẹn gan-an ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí mi. Màmá mi máa ń kó èyí tó ti bà jẹ́ bọ̀ wálé fún mi nínú ọ̀rá, èmi á gbé e lọ sí láàbù ilé ìwé wa, màá ha ohun funfun tó hù sára rẹ̀ bí òwú, màá wò ó lábẹ́ maikirosikóòpù, màá sì ya àwòrán ohun tí mo bá rí sínú ìwé. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ tòmátì náà run lójú ọ̀nà kó tó dé Mile 12. Ọ̀gá mi lẹ́nu iṣẹ́ náà ni olùkọ́ wa kan, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọjọ́ kan, bí kíláàsì ṣe fẹ́ parí, olùkọ́ yìí sọ fún wa pé yunifásítì kan lókè òkun ń wá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì tí kò tíì gboyè, kí wọ́n wá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ṣe ìwádìí nínú láàbù wọn ní ìgbà ooru. Àwọn tó ń pè wá ló máa gbọ́ bùkátà ọkọ̀ òfurufú, ilé àti oúnjẹ. Olùkọ́ wa ní ẹni tó bá fẹ́ kó wá bá àwọn fún lẹ́tà ìjẹ́rìí, pé àmọ́ ohun tí ojú àwọn bá rí nìkan ni àwọn máa kọ. Mo gbọ́ apá àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Apá kejì kò wọ̀ mí létí.

Ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà kan ní Kẹ́tu ni mo ti kọ fọ́ọ̀mù náà, nítorí fóònù mi kì í pẹ́ kú. Gbogbo rẹ̀ ń lọ geerege, tòmátì màmá mi kún ojú ìwé méjì láìsí wàhálà, títí mo fi dé ibi tí wọ́n ti ní kí n kọ orúkọ gbogbo ẹ̀rọ láàbù tí mo lè fi ọwọ́ ara mi lò láìsí ẹni tó ń ràn mí lọ́wọ́. Mẹ́ta ni mo mọ̀ ọ́n lò. Mo kọ mẹ́ta náà sílẹ̀, mo wò ó, ó kéré lójú mi. Mo ro àwọn ọmọ tí yóò máa kọ fọ́ọ̀mù yìí láti àwọn ilé ìwé olówó, mo bá fi mẹ́rin kún un. Èyí tó burú jù nínú mẹ́rin náà ni ẹ̀rọ PCR, èyí tí wọ́n fi ń sọ DNA kín-ń-kín di púpọ̀ kí wọ́n lè mọ irú kòkòrò tó ni ín. A ní ọ̀kan lóòótọ́. Igun láàbù ló wà, aṣọ funfun kan tí eruku ti sọ di pupa bò ó mọ́lẹ̀, ó sì ti bà jẹ́ kí wọ́n tó gbà mí wọ ilé ìwé. Baba tó ń mójú tó láàbù wa a máa gbé kọ́ọ̀pù tíì wọn lé e lórí. Mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé mo mọ̀ ọ́n lò dáadáa. Mo sọ fún ara mi pé irọ́ kọ́, nítorí mo ti wo fídíò bí wọ́n ṣe ń lò ó títí mo fi lè kà á lórí.

Nígbà tí wọ́n pè mí láti bá mi sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, èèyàn mẹ́ta ló jókòó níwájú mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan, ìyá arúgbó kan tí irun orí wọn funfun báláú, ló ni láàbù náà, ọ̀rọ̀ tòmátì ni wọ́n sì bi mí jù. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí a parí ni wọ́n béèrè ẹ̀ẹ̀kan péré pé báwo ni mo ṣe ń lo ẹ̀rọ PCR. Mo ka fídíò náà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ọmọdé tó ń ka àkọ́sórí. Wọ́n mi orí, wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀. Èmi rò pé máàkì ni wọ́n ń fún mi.

Wọ́n mú mi. Ọjọ́ tí lẹ́tà náà dé, bàbá mi, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà, ti ṣọ́ọ̀bù wọn pa ní ọ̀sán gangan. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí wọ́n ti ra àpótí ìrìn-àjò wálé, bẹ́ẹ̀ ó ku oṣù mẹ́ta kí n lọ. Landlord wa, tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ní Ìkòsì, àgbà Mùsùlùmí, pè mí sí ẹnu ọ̀nà wọn, wọ́n ṣe àdúà fún mi tó gùn, wọ́n sì ní kí n má gbàgbé pé inú ilé àwọn ni wọ́n ti tọ́ mi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa wọ́n ní kí n dìde kí gbogbo ìjọ rí mi. Mo dìde. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ẹ̀rọ náà pátápátá.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni íméèlì kan wọlé láti ọwọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n náà. Kò gùn rárá. Wọ́n ní àwọn ti ń ṣètò iṣẹ́ tí kálukú wa máa ṣe, nítorí náà kí n dákun kí n tún kọ orúkọ àwọn ẹ̀rọ tí mo ti fi ọwọ́ ara mi lò, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n máa fi mí sí. Mo kà á tán, mo tún un kà. Ó rọrùn láti da ohun tí mo kọ tẹ́lẹ̀ kọ padà. Àmọ́ nígbà tí mo ń kọ ti àkọ́kọ́, fọ́ọ̀mù lásán ni mo ń purọ́ fún. Èyí jẹ́ èèyàn, mo mọ ojú wọn, wọ́n sì ti fi sùúrù bi mí nípa tòmátì màmá mi.

Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò fi fèsì. Mo ń fi oúnjẹ sílẹ̀ láìjẹ. Bí mo bá ń rìn lọ ní àdúgbò, àwọn èèyàn á máa kí mi ní ará òyìnbó, màá rẹ́rìn-ín, màá sì yára kọjá. Ní ọ̀sán Sunday, màmá mi jókòó sí bálíkónì, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná tí wọ́n fi iyọ̀ sí, wọ́n wò mí, wọ́n ní kí n jókòó kí n sọ ohun tí mo ṣe. Wọn kò bi mí bóyá mo ṣe nǹkan. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo ṣàlàyé ẹ̀rọ náà, aṣọ tó bò ó àti kọ́ọ̀pù tíì tó wà lórí rẹ̀.

Màmá mi yọ ẹsẹ̀ kan kúrò nínú omi. "Lọ́jọ́ tó o bá débẹ̀ tí wọ́n gbé e síwájú rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n á mọ̀, Mummy."

"Ta lo wá fẹ́ kó kọ́kọ́ sọ fún wọn, ìwọ àbí ẹ̀rọ yẹn?"

Mo béèrè pé bí wọ́n bá gba ànfààní náà padà lọ́wọ́ mi ńkọ́, kí la máa sọ fún landlord, kí la máa sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá mi ní landlord kò bá mi kọ fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní kí n bá àwọn gbé aṣọ ìnusẹ̀ wá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Monday mo lọ bá olùkọ́ mi, nítorí àwọn ló kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí mi, orúkọ wọn náà sì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo dúró sí iwájú tábìlì wọn, mo ní, "Ma, mo purọ́ nínú fọ́ọ̀mù mi."

Wọ́n gbé bírò sílẹ̀. "Èwo nínú rẹ̀?"

"Ẹ̀rọ PCR, Ma. Àti mẹ́ta mìíràn."

Wọ́n wò mí pẹ́, bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan tó tún gbé e mì. Mo ti ń retí kí wọ́n lé mi jáde. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Lọ kọ èyí tó o mọ̀. Má ṣàlàyé jù, má sì sunkún sínú lẹ́tà. Tí wọ́n bá ní kó o má wá mọ́, padà wá bá mi, iṣẹ́ tòmátì rẹ ò tíì parí." Wọ́n mú bírò wọn padà.

Ìjókòó kan ni mo fi kọ ọ́. Mo ní ẹ̀rọ mẹ́ta ni mo mọ̀ ọ́n lò, mo dárúkọ wọn. Mo ní mẹ́rin yòókù tí mo kọ sínú fọ́ọ̀mù kì í ṣe òótọ́, pé ẹ̀rọ PCR wa ti bà jẹ́, n kò fọwọ́ kàn án rí, mo sì tọrọ àforíjì. Mo fi ránṣẹ́ kí ọkàn mi tó yí padà.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọn kò fèsì. Ọjọ́ tí mo máa lọ sí ọ́fíìsì físà ti ń sún mọ́lé, n kò sì mọ̀ bóyá kí n máa lọ tàbí kí n jókòó. Àpótí tí bàbá mi rà wà ní pálọ̀, mo kọ́ bí a ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìwò ó.

Orí bíríìjì ẹlẹ́sẹ̀ ní Kẹ́tu ni mo wà lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí fóònù mi dún. Mo dúró, àwọn èèyàn ń ti èjìká mi kọjá. Íméèlì ọ̀jọ̀gbọ́n náà ni, wọ́n tọrọ àforíjì pé àwọn rin ìrìn-àjò ni. Wọ́n ní olùkọ́ mi ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìjẹ́rìí láti ọjọ́ kìn-ín-ní pé ẹ̀rọ PCR wa ti bà jẹ́, pé ọmọ yìí kò tíì lò ó, pé àmọ́ tí wọ́n bá fún un ní ọ̀sẹ̀ kan yóò mọ̀ ọ́n. Ìwé méjèèjì, fọ́ọ̀mù mi àti lẹ́tà olùkọ́ mi, ti wà lórí tábìlì wọn tipẹ́. Wọ́n ní ìdí tí àwọn fi tún béèrè nìyẹn, pé ohun tí àwọn kò lè kọ́ èèyàn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni kó sọ òótọ́ nípa ohun tó rí nínú láàbù, ẹ̀rọ lè dúró. Ẹnì kan ti wà tí yóò kọ́ mi. Kí n máa bọ̀.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn bíríìjì yẹn. Ẹ̀rín ń bọ̀, omi ń bọ̀ lójú mi, mi ò mọ èyí tí màá kọ́kọ́ gbà láàyè. Obìnrin kan tó ń ru ẹrù kọjá dúró, wọ́n béèrè pé ṣé ara mi ò yá ni. Mo ní, "Ó yá, Ma. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yá ni." Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, wọ́n bá tiwọn lọ. Ebi wá pa mí lójijì, ebi ọ̀sẹ̀ méjì. Mo jẹ búrẹ́dì kan odindi láti Kẹ́tu títí dé ilé. Nígbà tí mo sọ fún màmá mi, wọ́n ní "Ọlọ́run ṣeun", wọ́n jókòó, wọ́n sì yọ gèlè wọn. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ẹ̀rù ti ń ba àwọn náà.

Mo lọ, mo sì lo ẹ̀rọ PCR. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń ṣe ìwádìí fún oyè dókítà ló kọ́ mi. Lọ́jọ́ kejì mo ba gbogbo iṣẹ́ àárọ̀ jẹ́, mo sọ fún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, a dà á nù, a sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo fídíò tí mo kà lórí yẹn, kò sí èyí tó sọ pé iṣẹ́ lè bà jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lónìí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì ń gbé fọ́ọ̀mù ìgbà ooru wá bá mi lọ́dọọdún. Mo máa ń rí ibi tí ọwọ́ wọn ti fẹ́ gbé e ga jù, n kì í sì í pariwo lé wọn lórí. Mo kàn máa ń béèrè èwo ni wọ́n ti fọwọ́ kàn. Àwọn kan lára wọn a máa bi mí pé báwo ni ayé ṣe rí láti òkè nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ òfurufú, nítorí mo ti sọ fún wọn pé òwúrọ̀ la gbéra. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n fún mi, ojú ọjọ́ sì mọ́ kedere, àmọ́ bí a ṣe kúrò nílẹ̀ ni oorun gbé mi lọ, oorun ẹni tí kò fi nǹkan kan pa mọ́, n kò sì jí títí a fi balẹ̀.