Ọjọ́ Tí Gbogbo Àgbà Towé Jẹ́ “Bàbá Wa”

Mo ti ń gbọ́ pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà máa ń gba oorun lójú èèyàn. N ò mọ̀ pé ó lè gba oorun lójú ẹni tí kì í ṣe é.

Ọmọbìnrin mi, tó padà wá bá mi gbé ní Sakẹ́tẹ́, ló ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́pẹ ní Pobẹ̀ fi ń béèrè ọmọ ọ̀pẹ tí wọ́n fẹ́ gbìn. Ẹ ṣí i lórí fóònù, ẹ kọ orúkọ yín, abúlé yín àti iye tẹ́ ẹ fẹ́, ó parí. Èmi ni mo mú un lọ bá alága. Wọ́n ní ọjọ́ pípín làwọn máa fi mọ̀: bó bá lọ dáadáa, iṣẹ́ di tirẹ̀, bó bá dàrú, ilé iṣẹ́ kan ní Kútọnu ni wọ́n á gbé e fún, ọmọ mi á sì tún palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, á wáṣẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ lọ, alága bi í pé, “Ìwọ nìkan lo kọ gbogbo èyí?”

“Rárá o, bàbá. Ká ní ilé ni, àwọn kan tí n ò rí rí ló ti to igi rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni lè mú un, kó kà á, kó yí i padà. Ògiri àti òrùlé ni tèmi. Àwọn mìíràn wà tó tóbi jù ú lọ, ṣùgbọ́n wọ́n wúwo, nẹ́tíwọ́ọ̀kì abúlé bíi Towé ò lè fà wọ́n. Èyí fúyẹ́.”

“Ohun tó jẹ́ ti gbogbo ayé, tó bá bàjẹ́, ta la máa dì mú?”

“Ẹ di èmi mú.”

Ta ló rán an níṣẹ́ pé kó sọ bẹ́ẹ̀?

Lọ́jọ́ pípín, kámíọ̀n já àwọn ọmọ ọ̀pẹ sí àgbàlá ẹgbẹ́, oòrùn sì ti ń mú. Àwọn àgbà Towé ti gun alùpùpù zémì dé, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọmọ mi gbé kọ̀ǹpútà lé itan, ó ń pe orúkọ. Àwọn ará Pobẹ̀ gba tiwọn láìsí wàhálà. Ó wá kan Towé.

“Bàbá wa, láti Towé!”

Gbogbo bẹ́ǹṣì dìde.

“Èmi ni.”

“Ìwọ bíi ti báwo? Èmi nìyàwó ilé mi ń pè bẹ́ẹ̀.”

“Jókòó jàre, ta ni ìwọ ń ṣe bàbá fún?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín in, torí mo ti rí ojú ọmọ mi. Bàbá wa kan ṣoṣo ló wà lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn tó kù ti pòórá.

Ní Towé, àwọn ìyàwó ilé tó kàwé ló ń bá àwọn àgbà tẹ fóònù. Ìyàwó wo ló sì máa kọ orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ gàdàgbà? Bí wọ́n ṣe ń pè é nínú ilé ni wọ́n kọ. Ohun tí ọmọ mi ṣe sì gbà pé orúkọ kan náà, abúlé kan náà, ẹnì kan náà ni, ó kàn wá tún ohun tó béèrè ṣe ni. Bí ìyàwó kan ṣe ń kọ tirẹ̀ ló ń pa ti èyí tó ṣáájú rẹ́.

Awakọ̀ kámíọ̀n tó fẹ́ kó ti Towé lọ síbẹ̀ fọn fèrè. Alága ò wo ọmọ mi, èmi ló ń wò.

Ọmọ mi gba nọ́ńbà ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó náà, ó pè é, ó jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ bàbá yín gan-an?”

“Háà! Ṣé wọ́n ń gbọ́ mi níbẹ̀?”

“Wọ́n ń gbọ́.”

“Ẹ bi àwọn fúnra wọn o. Ẹnu tèmi kọ́ lẹ ti máa gbọ́ ọ.”

“Ìyàwó mi àtàtà!” Bàbá kan ló kígbe bẹ́ẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì.

Ọmọ mi ò bá a jà. Ó ní kí ìyàwó náà wo ìdáhùn tí ẹ̀rọ fi ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀ lọ́jọ́ tó béèrè, kó ka iye tó béèrè. Ó kà á, bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni. La bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó kù. Àwọn kan wà lóko. Ẹni tí fóònù ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ló jẹ́rìí sí i. Láàárín ìpè kan sí òmíràn, ọmọ mi ṣí inú iṣẹ́ náà níbẹ̀, ó ń ṣàlàyé fún alága bó ṣe ń yí ìlà díẹ̀ padà, kó má fi orúkọ mọ èèyàn mọ́, nọ́ńbà fóònù ni kó fi mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí kámíọ̀n kó ti Towé lọ, alága tẹ̀ síwájú.

“Ìyàwó tó ní bàbá méjì nílé ńkọ́? Fóònù kan náà ló máa fi tẹ̀ ẹ́ fún àwọn méjèèjì.”

Ọmọ mi gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà.

“N ò tíì ro ìyẹn, bàbá.”

“Rò ó dáadáa. Ìwọ náà lo máa pe orúkọ wọn nígbà tá a bá tún pín ọmọ ọ̀pẹ lójò tó ń bọ̀.”

Ó ní, “Ẹ ṣé, bàbá.” Èmi ni mo wá ibi jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì àwọn àgbà.