Irú Ìlọrin tí mò ń tà ní Zaria

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi rèé, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wà lórí WhatsApp mi tipẹ́ mọ̀ pé oúnjẹ ilé ni mò ń tà: èlùbọ́, gàrí, ẹ̀gúsí, irú. Hayin Dogo ni mò ń gbé, ní Samaru, àmọ́ GRA ni àwọn oníbàárà mi pọ̀ sí, àwọn olùkọ́ yunifásítì àti dókítà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ta èlùbọ́. Irú ló mú wọn wá sọ́dọ̀ mi.

Ṣé irú ọ̀hún ti Ìlọrin wá lóòótọ́? Ẹ ní sùúrù.

Àǹtí mi ní Ìlọrin ló kọ́kọ́ ń fi ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, mọ́tò bàjẹ́ lọ́nà, irú bá a bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ dókítà kan ní GRA tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Dókítà ti ń retí àlejò. Kí ni kí n ṣe? Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, mo rí Inna Laraba. Ìyá Hausa ni, inú agbo ilé kan náà la jọ ń gbé, dàdáwà, ìyẹn irú ti àwọn Hausa, ló ń ṣe tà. Mo ní kó bù fún mi kó tó gún un, mo fi ewé mọ́ímọ́í pọ́n ọn, mo sì fi ránṣẹ́.

Màmá Dókítà pè mí. Wọ́n ní òórùn rẹ̀ gbé àwọn dé ilé ìdáná ìyá àwọn ní Ọ̀fà, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, pé irú tí wọ́n ń tà ní Zaria ò lè dà báyìí láé. Mo dúpẹ́, mo pa ẹnu mi mọ́. Láti ọjọ́ náà, Inna ń ṣe é, èmi ń pè é ní irú Ìlọrin.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé nígbà tí mo bí Fẹ́mi, tí ìyá mi ò lè wá, Inna yìí ló ń wẹ̀ ẹ́ fún mi. Ogójì ọjọ́ gbáko ló tún fi ń gbé omi gbígbóná wá wẹ èmi gan-an, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún abiyamọ níbí. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi.

Nígbà tó yá, obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú lórí group WhatsApp tí èmi àti àwọn oníbàárà mi wà. Ara mi ò gbà á. Mo dúró sáàárín agbo ilé, mo ń ya fídíò ìpolówó. Inna jókòó nítòsí, ó ń fọ irú lọ́wọ́. Yorùbá ni mò ń sọ, kí ló kàn án? Hausa la máa ń bá ara wa sọ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo ní irú tèmi mọ́ tónítóní, kì í ṣe dàdáwà àwọn ará ibí tí iyanrìn kún inú ẹ̀, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ìdọ̀tí ṣe. Mo tún yọ ṣùtì. Mo gbádùn ara mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní purọ́.

Inna gbọn omi ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ó sọ ọ́ ní Yorùbá tó já gaara: "Ìyá Fẹ́mi, ọwọ́ yìí náà ló wẹ̀ ọ́. Ṣé o dọ̀tí nígbà tí mo wẹ̀ ọ́ tán?"

Àṣé ó ti bá àwọn Yorùbá gbé fún ọdún pípẹ́ ní Sabon Gari kó tó kó wá síbí. Gbogbo bí mo ṣe ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, pátá ló gbọ́, ó sì ń mú un mọ́ra.

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Mo rán alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa sí i, mo rán onílé. Ó ní òun ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n òun ò ní ta irú fún mi mọ́.

Ni mo bá padà sọ́dọ̀ àǹtí mi. Irú Ìlọrin gidi dé, èyí tí kò ní irọ́ kankan nínú. Màmá Dókítà bá fi ohùn ránṣẹ́ sórí group: wọ́n ní mo ti wá ń ta dàdáwà Hausa fún àwọn báyìí, pé ẹni tó bá ti jẹ irú ilé rí ò lè ṣì í mọ̀. Àwọn yòókù gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Ẹnì kan ní òun rí iyanrìn. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé èyí gan-an ni ojúlówó? Pé dàdáwà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n lẹ́kún? Mo tọrọ àforíjì, mo ní kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ti lọ sọ́dọ̀ obìnrin kejì yẹn.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò pọ̀: ẹ má fi ẹni tó ń bọ́ yín wọ́lẹ̀ torí pé ẹ fẹ́ tajà. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ rí kí ọjà yín lè yá? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ibí, ẹ má tijú, mo ti ṣíwájú yín nínú ìtìjú.

Inna ṣì ń kí mi láràárọ̀. "Ina kwana, Maman Femi." Hausa ló fi ń kí mi. Fẹ́mi nìkan ló ń bá sọ Yorùbá.